Burlesque: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Aránṣọ Wọn

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní gúúsù London. Ìró àti bùbá, aṣọ ẹbí, agbádá tó gùn jù, síìpù tó já, gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí àwọn òṣèré burlesque ti ń gbé aṣọ wọn wá sọ́dọ̀ mi. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ wá pé kí n bá òun dín kọ́sẹ́ẹ̀tì kan tó ti tóbi jù kù, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi ń fún ìbàdí, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ọ̀rẹ́ tún mú ọ̀rẹ́ wá. Aṣọ wọn kì í ṣeé fi pamọ́. Ó máa ń wà lórí ère níwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa kọ mànà bí ìgbà tí oòrùn bá bọ́ sínú omi, àwọn èèyàn wa á sì wọlé pẹ̀lú ojú ìfura: "Ìyá Tọ́lá, irú kí lèyí?" Ohun tí wọ́n máa ń bi mí nìyí, àti èsì tí mo máa ń fún wọn bí kọ́sítọ́mà kò bá dúró dè mí.

Kí ni wọ́n ń pè ní burlesque gan-an?

Ẹ̀fẹ̀ ni. Èdè Ítálì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. "Burla" ni wọ́n ń pe ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni bọ́ ìbọ̀wọ́ lórí ìtàgé, eré ìfiniṣẹ̀sín ni burlesque. Wọ́n á mú eré ńlá tí àwọn ọlọ́lá fẹ́ràn, bí ìtàn àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì, wọ́n á sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Ọba á máa sọ̀rọ̀ bí alájàpá, obìnrin á wọ ṣòkòtò ọkùnrin, á máa yan fanda láàárín ìtàgé.

Ẹni tó bá ti jókòó síbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí ní Kétu tàbí Ìmẹ̀kọ, tó rí ọkùnrin tó gbé ọmú igi kọ́yà, tó sì gbọ́ bí Ẹ̀fẹ̀ ṣe ń fi orin tú àṣírí àwọn oníwà ìbàjẹ́ láàárín òru, kò ní pẹ́ lóye ohun tí mò ń wí. Kò sí okùn ìbátan láàárín méjèèjì o. Òyìnbó ò jí i kó lọ́wọ́ wa, àwa náà ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ tí wọ́n bá ń ṣe bí ẹni pé àwọn nìkan ló mọ yẹ̀yẹ́ ṣe, mo máa ń rán wọn létí pé ní 1826, nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eléégún alárìnjó ṣeré fún un, wọ́n gbé òyìnbó jáde nínú eré ọ̀hún, wọ́n fi ṣẹ̀sín lójú ẹ̀ kòrókòró.

Ní 1868, Lydia Thompson kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò ní London lọ sí New York. Àwọn obìnrin ló ń ṣe ipa ọkùnrin nínú eré náà, wọ́n wọ táítì tó fi ìrísí itan hàn, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ìlú ṣe àwàdà. Nígbà tí yẹ̀rì ṣì ń gbálẹ̀ nílé lóko, ẹ fojú inú wo ariwo tó sọ. Àwọn oníwèé ìròyìn ta á nípàá, àwọn èèyàn sì tò sílẹ̀kùn láti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ṣé kì í ṣe ijó ìhòòhò náà ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí jù nìyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí oníbàárà mi fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì, obìnrin kan jáde tó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Aṣọ búlúù gígùn ló wọ̀, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sì gùn dé òkè ìgbọ̀nwọ́. Kò jó. Ó dúró, ó wò wá bí tíṣà tó mọ̀ pé a ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi eyín mú orí ìka tó kéré jù, ó fà á. Ó mú ìka kejì. Nígbà tó dé ìka kẹta, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Gbogbo ilé pariwo. Ó ṣe bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń ṣe, ó padà sí ìka àkọ́kọ́. Nígbà tí ìbọ̀wọ́ wá jáde, ó fi nu orí bàbá pápárí kan tó jókòó níwájú, ó yẹ ìbọ̀wọ́ wò bóyá eruku wà níbẹ̀, ó ṣẹ́jú. Ẹ̀rín pa mí débi pé bíà dà sí mi lára. Ó tó ìṣẹ́jú méjì tó fi bọ́ ọ, ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo! Tí ẹ bá wá bi mí pé kí ni mo rí nígbà náà, ọwọ́ ni.

Nígbà tó fi máa parí, aṣọ kù díẹ̀ lára ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ létí òkun Brighton lọ́jọ́ tí oòrùn mú. Nílé ijó ìhòòhò, ọkùnrin á sanwó kí ọmọge wá jó fún òun nìkan. Nínú burlesque, kò sẹ́ni tí wọ́n ń jó fún lóun nìkan, ìtàn wà nínú ẹ̀, àwọn obìnrin ló sì máa ń pọ̀ jù nínú òǹwòran níbi tí mo ti lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn kan wà tó jẹ́ pé aṣọ ni wọ́n kàn ń bọ́. Oorun ni tiwọn máa ń gbé mi lọ.

Ta ló wá kó bíbọ́ aṣọ wọ inú ẹ̀?

Amẹ́ríkà ni. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1920 sí 1940, eré burlesque ti di àwọn aláwàdà méjì mẹ́ta, orin, àti obìnrin tó ń bọ́ṣọ. Ìdílé Minsky ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn onílé eré ní New York. Gypsy Rose Lee ló fi hàn pé ẹnu lè ju ara lọ: á máa bá òǹwòran tàkúrọ̀sọ bí ẹni tó ń gbàlejò ní pálọ̀, tí wọ́n á fi mọ̀ pé ó ti bọ́ nǹkan kan, ó ti pẹ́. Sally Rand ní tiẹ̀, ní 1933, ní ìpàtẹ àgbáyé Chicago, abẹ̀bẹ̀ méjì tí wọ́n fi ìyẹ́ ògòǹgò ṣe ló fi bo ara. Tó bá gbé ọ̀kan sókè, á ti sọ èkejì kalẹ̀. Ọlọ́pàá mú un lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní 1937, La Guardia tó jẹ́ méyọ̀ New York kọ̀ láti tún láísẹ́ǹsì àwọn ilé eré náà ṣe. Ọ̀pọ̀ òṣèré kó ẹrù wọn lọ sí New Jersey, tó wà ní òdìkejì odò.

Ní London níbí, Windmill Theatre ló wà ní Soho. Òfin ìgbà náà ni pé obìnrin lè wà níhòòhò lórí ìtàgé bí kò bá ti mira. Bó bá rìn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bó bá dúró gbagidi bí ère, iṣẹ́ ọnà ni. Nígbà tí bọ́ǹbù Hitler ń rọ̀ sórí ìlú, Windmill ò tilẹ̀kùn, àwọn ọmọbìnrin náà sì dúró bí ère. Mo máa ń rò ó pé ta ló lè dúró láìmira nígbà tí ilẹ̀ ń mì. Wọ́n ti ilé náà pa ní 1964.

Báwo ló ṣe wá kú, ta ló sì jí i?

Tẹlifíṣọ̀n kó àwọn aláwàdà lọ, fíìmù oníhòòhò kó àwọn oníwòkuwò lọ. Nígbà tó fi máa di 1970, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó kù nílẹ̀.

Ọgbà ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀rẹ̀ àjíǹde ẹ̀. Jennie Lee, tóun náà ti jó rí, kó àwọn aṣọ àtijọ́, fọ́tò, abẹ̀bẹ̀ àti bàtà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sin ewúrẹ́ tẹ́lẹ̀, ní Helendale, inú aṣálẹ̀ Kalifóníà. Ó kú ní 1990. Dixie Evans, ẹni tó máa ń ṣe bíi Marilyn Monroe lórí ìtàgé nígbà èwe rẹ̀, ló gbà á, ó sọ ibẹ̀ di ilé àkójọ ohun àtijọ́. Kó lè rí àwọn tí yóò máa wá sínú aṣálẹ̀ yẹn, ó dá ìdíje kan sílẹ̀, Miss Exotic World. Àwọn ọmọdébìnrin láti New York àti Los Angeles bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ wá, wọ́n bá àwọn ìyá arúgbó tó ti jó ní 1950 lójúkojú, wọ́n kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lábẹ́ oòrùn. Las Vegas ni gbogbo ẹ̀ wà báyìí, Burlesque Hall of Fame lorúkọ ẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni Michelle Carr dá ẹgbẹ́ burlesque Velvet Hammer sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1995. Àwọn òṣèré iṣẹ́ ọnà ti wọ inú ẹ̀. Julie Atlas Muz, tó gba adé Miss Exotic World ní 2006, ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Whitney Biennial ní 2004, ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ńlá Amẹ́ríkà. Òun ni obìnrin tó ń wọ inú bàlúùnù ràgàjì lọ, tí orí nìkan á yọ síta! Ní 2007, Immodesty Blaize láti London ló gba adé náà. Dita Von Teese ni ẹ̀yin ti mọ̀, nítorí ife ọtí ńlá tó máa ń wẹ̀ nínú ẹ̀, kò nílò kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Wọ́n ní DJ rédíò kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló kan rédíò?

Amy Lamé lẹ ń sọ. Ọmọ New Jersey ní Amẹ́ríkà ni, tó fi London ṣelé. Ó ń ṣeré lórí ìtàgé, ara rẹ̀ àti ìtàn ayé rẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà, ó sì ti ṣe DJ lórí BBC London àti BBC Radio 6 Music. Ní 1995, òun àti Simon Casson dá alẹ́ Sátidé kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Duckie, nínú ilé ọtí Royal Vauxhall Tavern. Ojúbọ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni ilé ọtí yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 2015, ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó bó ṣe wù ú, nítorí ìtàn wọn yẹn gan-an. Ní Duckie nígbà náà, orin á máa lọ, èèyàn á máa jó, bó bá yá, òṣèré kan á gun orí ìtàgé kékeré yẹn, á ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò retí.

Wọn ò kọ burlesque sára ilẹ̀kùn wọn. Èmi ló ń sọ pé ẹbí kan náà ni. Irú òṣèré tí mo ní lọ́kàn ni Ursula Martinez. Ó máa ń jáde bí onídán, ó wọ kóòtù àti yẹ̀rì, ó fi áńkáṣíìfù pupa kékeré pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, áńkáṣíìfù náà pòórá. Ó wá a nínú kóòtù, ó bọ́ kóòtù, ó rí i. Ó tún pòórá. Ó bọ́ yẹ̀rì, ó rí i. Bẹ́ẹ̀ títí aṣọ fi tán lára ẹ̀ pátápátá, áńkáṣíìfù tún pòórá, ó sì tún rí i. Ibi tó ti rí i, ẹ má bi mí.

Ẹ wá wo ibi tí DJ ti wúlò. Gbogbo wa la mọ alága ìjókòó níbi ìgbéyàwó. Ẹnu rẹ̀ ló so òde pọ̀. Ó ń bú ọkọ ìyàwó, ó ń tọrọ owó, ó ń pa àlọ́, ó ń dá orin, bí ẹni tí wọ́n ń retí bá sì pẹ́, òun ló máa jẹ́ kí ẹ má mọ̀. Iṣẹ́ tí Amy Lamé ń ṣe nídìí gbohùngbohùn nìyẹn. Láàárín òṣèré méjì, ẹnì kan á wà tó ń gbá ìyẹ́ àti ohun dídán tó dà sílẹ̀ nínú òkùnkùn, èkejì á ṣì máa so kọ́sẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn aṣọ títa. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn lè pa òde. Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fẹnu dí àlàfo láàárín orin méjì lórí rédíò, tí ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún, ìyẹn ò ní jẹ́ kó kú.

Duckie tún gbé eré kan jáde ní Barbican, ilé eré ńlá kan ní London, nígbà Kérésì 2003. Wọ́n fi òǹwòran jókòó yí tábìlì ká, wọ́n fún wọn ní owó ayédèrú àti ìwé oúnjẹ, ṣùgbọ́n òṣèré ló wà nínú ìwé oúnjẹ náà. Ẹ á pàṣẹ eré tí ẹ fẹ́, ẹ á sanwó, wọ́n á wá ṣe é lórí tábìlì yín. Eré náà gba ẹ̀bùn Olivier ní 2004, ẹ̀bùn tó ga jù fún eré orí ìtàgé ní London. Ọjọ́ tí wọ́n ròyìn ẹ̀ fún mi ni mo sọ pé, ṣé owó níná lóde àríyá ni òyìnbó wá ń gba ẹ̀bùn fún?

Ṣé òótọ́ ni pé obìnrin yẹn di ọ̀gá òru London?

Òótọ́ ni. Ní 2016, Sadiq Khan tó jẹ́ méyọ̀ London fi í sípò tí wọ́n ń pè ní Night Czar, òun ló sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ó wà níbẹ̀ títí oṣù Kẹwàá 2024. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣojú gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru: ilé ijó, ilé ọtí, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹ rántí pé àwọn èèyàn wa ló kún inú bọ́ọ̀sì agogo mẹ́rin ìdájí, àwọn tó ń lọ gbá ọ́fíìsì àti àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìtọ́jú arúgbó.

Ohun kan wà tó kan àwọn ọmọ wa gan-an. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ọlọ́pàá London máa ń ní kí onílé ijó kún, 696 ni nọ́ńbà ẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ olórin, àdírẹ́sì rẹ̀, àti irú orin tó ń kọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé àwọn tó ń kọ grime ni ó ń dè, orin tí àwọn ọmọ bíi Skepta, ọmọ Adénúgà, fi di olókìkí. Onílé ijó tí kò fẹ́ wàhálà á kàn fagi lé òde náà. Oṣù Kọkànlá 2017 ni wọ́n pa fọ́ọ̀mù yẹn rẹ́, ọ́fíìsì méyọ̀ àti Night Czar sì wà lára àwọn tó dá sí i.

Wọ́n bá a wí o. £35,000 ni owó oṣù rẹ̀ lọ́dún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì ààbọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ó sì ju £130,000 lọ kó tó kúrò. Ilé ijó ń tì nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń bi í pé kí lówó náà ń bá wá. Àrùn Kòrónà kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, owó rẹ́ǹtì kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba orúkọ ọ̀gá òru, òun ni wọ́n máa dájọ́ òru fún.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ńkọ́?

Wọ́n wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Josephine Baker, ọmọ St. Louis, dé Paris ní 1925. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló so ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́dìí ní ilé eré Folies Bergère. Ọ̀pọ̀ ló ń wò ó bí ẹni tí òyìnbó fi ṣẹ̀sín. Èmi, tí mo bá wo ojú rẹ̀, bó ṣe ń yí i ka, mo mọ̀ pé òun ló ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó ṣe amí fún Faransé nígbà ogun, ní 2021 ni wọ́n sì gbé e wọ Panthéon, ibi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni wọn.

Toni Elling ni mo fẹ́ràn jù. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Detroit, wọn ò gbé e sókè nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún ní 1960 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Duke Ellington, olórin jazz, ló fi orúkọ rẹ̀ jọ: Toni Elling. Kì í ṣe oníranù. Aṣọ rẹ̀ máa ń gùn, ó máa ń bo ara, ìrìn rẹ̀ sì dà bí ti ìyá ìyàwó tó ń wọ gbọ̀ngàn. Ó dàgbà kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó wá rí i, wọ́n sì ṣe é bí ìyá wọn.

Ẹgbẹ́ Brown Girls Burlesque bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 2007. Ní London, Sadie Sinner dá The Cocoa Butter Club sílẹ̀ ní 2016, nígbà tó sú u láti máa rí òṣèré funfun tó ń fi àṣà àwọn ẹlòmíì ṣeré, tí àwọn dúdú ò sì rí orí ìtàgé gùn. Àwọn ọmọ tó ń wá bá mi láti irú ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni aṣọ tí wọ́n ń fẹ́. Ọ̀kan ní kí n fi àdìrẹ ìyá ìyá òun ṣe kọ́sẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ mi gbọ̀n kí n tó fi sísọ̀ọ̀sì kàn án.

Báwo ni aṣọ wọn ṣe ń tú bẹ́ẹ̀ láìfà ya?

Ibi tí mo ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ nìyí, ẹ jókòó.

Aṣọ ayẹyẹ tiwa, àdúrà wa ni kó má tú. Tiwọn, ó gbọ́dọ̀ tú nígbà tí wọ́n bá ní kó tú, kó má sì tú ṣáájú. Síìpù lásán ò dáa, ó máa ń gbé aṣọ jẹ. Bí mo bá máa lò ó, síìpù bíi ti jákẹ́ẹ̀tì ni, èyí tó ń pín sí méjì nísàlẹ̀. Velcro máa ń pariwo, á tún gbá ìbọ̀sẹ̀ mú. Húùkù ńlá tí wọ́n ń lò sí ìdí ṣòkòtò àti bọ́tìnnì onírin tí wọ́n ń tẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Mo máa ń dojú gbogbo wọn kọ ọ̀nà kan, kí fífà ẹ̀ẹ̀kan ṣí i. Nínú aṣọ, níbi tí àtàǹpàkò ti máa wọlé, mo máa ń fi òwú tó nípọn ran kókó kékeré kan, torí òkùnkùn ni, ìka ló máa wá a, kì í ṣe ojú. Kọ́sẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, bí ẹ kò bá kọ́kọ́ tú okùn ẹ̀yìn díẹ̀, irin iwájú ò ní já kúrò lára ara wọn láéláé. Kí wọ́n tó gbé aṣọ lọ, mo máa ń ní kí wọ́n fomi tọ́ ọwọ́, kí wọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá níwájú mi. Òógùn ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí.

Àwọn pasties tí wọ́n ń lẹ̀ bo orí ọmú, mo máa ń gé aṣọ róbótó, mo gé e láti etí dé àárín, mo gbé etí kan lé èkejì díẹ̀ kó lè yọ bí ìdérí ìkòkò, mo wá to ohun dídán sí i. Wajawaja ló ń so rọ̀ láàárín. Irin kékeré tí àwọn apẹja fi ń so ìwọ̀ kí okùn má baà lọ́, òun ni mo fi ń so ó. Téèpù tí wọ́n fi ń lẹ wíìgì ló ń dì í mú. Ọ̀pọ̀ rò pé àyà ló ń mú kó yí. Orúnkún ni! Ẹni tí orúnkún bá ń dùn ò lè ṣe é, mo ti dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí mo tilẹ̀kùn, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ tún jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kan. Nígbà kan, mo ran húùkù yẹ̀rì kan dojú kọ ẹ̀yìn. Àárẹ̀ ni, aṣọ ẹbí ọgọ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà dé orí ìtàgé, ó fà á, kò ṣí. Ó tún fà á. Orin ń lọ. Ó bá dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó mi kanlẹ̀, ó rìn lọ bá ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Màmá yẹn yọ gíláàsì kúrò lójú, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú húùkù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tú aṣọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní wọn ò gbọ́ irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn. Ní Mọ́ńdè, ọmọ náà wọlé, mo ti ń múra àtibẹ̀bẹ̀, ló bá ní kí n ran húùkù yẹn bẹ́ẹ̀ títí lọ.

Ṣé mo lè ná owó fún wọn?

Ẹ má dán an wò. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, orí mi wú, mo fa £5 yọ, mo ń lọ síwájú láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí. Ọmọ kan tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ kíkó aṣọ tí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀ dí mi lọ́nà, ó ní, "Mama, please, sit down." Ojú tì mí. Ariwo ni owó tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ pariwo, ẹ hó, ẹ lu tábìlì. Àmọ́ ọwọ́ ò gbọdọ̀ kan wọn, kò sí ti bí inú bá ṣe dùn tó.

Ṣé àwọn ọkùnrin náà ń ṣe é?

Wọ́n ń ṣe é. Ní 2006, Tigger! ni wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ Mr Exotic World. Tiwọn rọrùn láti rán, ìdí wọn ò pọ̀.

Ṣé òfin gbà á?

Láti 2009, òfin wà ní England fún ilé tó ń ṣe eré ìhòòhò fún adùn ara, káńsù á fún wọn ní láísẹ́ǹsì ọ̀tọ̀. Ilé tí kò bá ṣe irú ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mọkànlá lọ lọ́dún, tí oṣù kan sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, lè ṣe é láìní í. Burlesque wà láàárín méjì, ibi tí káńsù kan ti rí eré, òmíràn lè rí ìhòòhò. Ẹni tó bá fẹ́ gba òde, kó bi káńsù tirẹ̀.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Dita Von Teese lówó. Àwọn tèmi ń ṣe tíṣà lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣe nọ́ọ̀sì. Mo mọ ọ̀kan tó ń ṣe ìṣirò owó-orí fún àwọn ènìyàn. Ilé àríyá kan wà tí kò san owó aṣọ méjì fún mi di òní, bí mo bá pè wọ́n, orin ni wọ́n fi ń dá mi dúró lórí fóònù.

Ìyá Tọ́lá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ̀rí ọkàn yín ò dá yín lẹ́bi?

Díákónẹ́ẹ̀sì wa ló bi mí bẹ́ẹ̀ níkẹyìn, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, níwájú aṣọ pupa kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to ohun dídán sí tán. Mo dá a lóhùn pé àwọn ọmọ náà ń sanwó lásìkò ju ẹgbẹ́ akọrin lọ, wọ́n sì ń pè mí ní Mama. Kò sọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ ère náà, ó na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò yí etí aṣọ náà padà láti wo bí mo ṣe ran inú rẹ̀. Ó bi mí pé níbo ni mo ti ra ohun dídán yẹn, pé ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún òun ń bọ̀ lóṣù Kẹsàn-án. Mo ní ó kù díẹ̀ nínú páálí. Ó ní kí n bá òun fi sápò kan, kí n má sì sọ fún Ìyá Ìjọ.